Ẹnu Ló Wọ́, Ìsàlẹ̀ Agbárí Ni Àrùn Wà

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Iléṣà fún àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà àti àwọn ará ilé wọn. Mo tún un kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráàyè wá.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ Obòkun, ẹ kú ìjókòó.

Inú ìtàn tí gbogbo wa jọ mọ̀ ni mo fẹ́ gbà wọlé. Nígbà tí ojú Odùduwà fọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ní omi òkun ló máa là á. Ajíbógun ló dìde lọ. Ó pẹ́ lọ́nà débi pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún kó tó dé, ṣùgbọ́n ó bu omi òkun náà dé, ojú bàbá là, wọ́n sì ń pè é ní Obòkun títí dòní. Ẹlòmíràn á rántí adé, ẹlòmíràn á rántí idà. Èmi, ohun tí mo máa ń rò nínú ìtàn yẹn ni pé ojú ló ń dun bàbá, ọ̀nà jíjìn ni ọmọ sì ti lọ wá ohun tó wò ó. Àrùn tí mo fẹ́ sọ lónìí jọ ọ́ díẹ̀. Ibi tí ẹ ti máa rí i kọ́ ni ibi tó wà. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ eegun ìsàlẹ̀ agbárí ni.

Mo ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún 31. Ọdún 14 nínú rẹ̀ ni mo fi wà ní wọ́ọ̀dù etí, imú àti ọ̀fun. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, nígbà tí àrùn yìí wọ ilé wa, ó lé ní oṣù méjì kí n tó dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú. Ẹni ọdún 67 ni nígbà náà, aṣọ ló ń tà ní ọjà Atákúnmọ́sà, ìtọ̀ ṣúgà sì ti wà lára rẹ̀ fún ọdún 12. Etí òsì ló kọ́kọ́ ń yún un. Ó fi ìyẹ́ adìyẹ họ ọ́, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń ṣe. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọ́n kán àdí sí i. Nígbà tó ṣọyún, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò, wọ́n fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n sì fún un ní oògùn tó ń kán sétí. Ọyún dín kù. Ìrora kò dín.

Ìrora yẹn ni kí ẹ fi ọkàn sí. Lọ́sàn-án, ó lè jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ kó máa bá oníbàárà dúnàá-dúrà. Tó bá di òru, bí aago kan sí méjì, á dìde jókòó sórí àpótí, á fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn etí, á máa mi orí síwá sẹ́yìn. Ó sọ fún mi pé, "Àbúrò mi, ó dà bíi pé ẹnìkan ń kan ìṣó wọnú eegun mi." Parasitámọ́ọ̀ kò ràn án. Mo ra oògùn apakòkòrò fún un, ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó gbádùn díẹ̀, ìrora náà tún padà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi omi yọ ẹnu, omi ń dà jáde lápá òsì. Ẹnu ti wọ́.

Ojú ẹsẹ̀ ni ilé pín sí méjì. Àwọn kan ní rọpárọsẹ̀ ni. Àwọn kan ní wọ́n gbá a létí lójú oorun, ká tètè mọ ibi tí a máa gbé e gbà. Odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Mi ò di ẹ̀bi ru ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo wọ aṣọ funfun fún gbogbo ọdún yẹn, mo wà níbẹ̀, mo ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí rẹ̀ nígbà tí àwa ń jiyàn níta.

Ẹ ronú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, irú èyí tí àwọn bàbá wa fi owó òṣómàáló kọ́, tí pákó jẹ́ ilẹ̀ yàrá òkè. Ọpọlọ ló ń gbé òkè. Ojú, imú, etí, ẹnu àti ọ̀fun ló wà nísàlẹ̀. Pákó tó wà láàrin ni ìsàlẹ̀ agbárí. Pákó náà kò dí pátápátá, ihò wẹẹrẹ wà lára rẹ̀, inú àwọn ihò yẹn sì ni wáyà ń gbà ti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Méjìlá ni àwọn wáyà náà lápá ọ̀tún, méjìlá lápá òsì. Iṣan ni à ń pè wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Èyí tí ọpọlọ fi ń rán iṣẹ́, tó sì fi ń gbọ́ ìròyìn ni. Ọ̀kan ń gbé òórùn, ọ̀kan ń gbé ìríran, mẹ́ta ń yí ẹyinjú, ọ̀kan ni ẹ fi ń mọ̀ pé eṣinṣin bà lé yín lẹ́rẹ̀kẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó kù á jáde nínú ọ̀rọ̀ wa bí a ṣe ń lọ.

Tí ikán bá wọ inú pákó òkè yẹn, kì í ṣe ikán ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Iná yàrá kan nísàlẹ̀ ló máa kú. Ẹ ó pààrọ̀ gílóòbù, kò ní tàn. Ẹ ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, iná yàrá kejì á kú, ti ẹ̀kẹta á tẹ̀ lé e.

Iṣan keje ló ń gbé ojú rìn, òun la fi ń rẹ́rìn-ín, òun la fi ń pa ojú dé. Ẹ fi ìka kan ìsàlẹ̀ etí yín, ibi kòtò kékeré tó wà láàrin eegun ẹ̀yìn etí àti eegun àgbọ̀n. Nínú níbẹ̀ ni iṣan yẹn ti ń jáde kúrò nínú agbárí. Àrùn tó bá ti inú etí jẹ wọ eegun, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu wíwọ́ ló sábà máa ń ṣáájú. Tó bá rìn wọ àárín sí i, á bá ihò kan tí iṣan mẹ́ta jọ ń gbà: ìkẹsàn-án, ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Àwọn ni wọ́n ni ohùn, gbígbé oúnjẹ mì, àti gbígbé èjìká sókè. Ìkejìlá, tó ń darí ahọ́n, wà nínú ihò tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ẹnu wọ́, ohùn ẹ̀gbọ́n mi há. Obìnrin tó jẹ́ pé tó bá pe oníbàárà, gbogbo ìlà aṣọ ló ń gbọ́, ó wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Omi tó bá mu ń gba imú padà. Mo tan iná fóònù, mo ní kó la ẹnu kó yọ ahọ́n. Ahọ́n rẹ̀ jáde, ó sì tẹ̀ sí òsì. Ara mi bù máṣọ. Etí òsì, ojú òsì, ọ̀fun òsì, ahọ́n òsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le koko, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń rìn. Rọpárọsẹ̀ tí a ń bẹ̀rù kì í sábà rìn báyìí, láti yàrá dé yàrá, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lápá kan orí nìkan. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé pákó ló ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Gbogbo yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé irun òkè ojú yín sókè bí ẹni tí ẹnu yà. Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí yín, ó hun jọ, àbí? Ẹ wá di ojú pinpin. Ẹni tí ìṣòro rẹ̀ wá láti inú ọpọlọ, tí ẹnu rẹ̀ fi wọ́, iwájú orí rẹ̀ sábà máa ń hun ní ọ̀tún àti òsì, ojú rẹ̀ á sì pa dé. Ẹni tí iṣan keje gan-an ti bàjẹ́, iwájú orí á tẹ́ pẹrẹsẹ lápá kan, ojú apá yẹn kò ní pa dé, ẹ ó máa rí funfun ẹyinjú. N kò fi èyí kọ́ yín kí ẹ lè dá àrùn mọ̀ nílé kí ẹ sì jókòó. Méjèèjì ló ń fẹ́ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Mo fi kọ́ yín kí ẹ lè sọ fún dókítà pé, "Iwájú orí rẹ̀ kò hun, ojú rẹ̀ kò pa dé, etí rẹ̀ sì ti ń dùn ún tipẹ́."

Kí ló ń jẹ pákó? Lọ́pọ̀ ìgbà, bakitéríà kan tó ń jẹ́ Pseudomonas ni. Ní ọdún 1968, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Chandler kọ̀wé lórí rẹ̀, ó sì fún un ní irú orúkọ tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ kọ́, nítorí bó ṣe ń pa ènìyàn nígbà náà. Oògùn apakòkòrò tó yẹ, tí wọ́n bá lò ó pẹ́, ń ràn án. Ṣùgbọ́n nínú àwọn aláìsàn kan, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni, pàápàá Aspergillus àti Candida. Àwọn wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé, nítorí pé tí ẹ bá fi oògùn bakitéríà wò wọ́n fún ọdún kan, wọn ò ní mì.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kòkó tẹ́ ẹ wà níbí mọ fọ́ńgọ́ọ̀sì ju èmi lọ. Kòkó tí ẹ kò sá gbẹ kí ẹ tó dì í sápò, kí ló ń ṣe? Á bu. Ohun funfun tàbí àwọ̀ ewé tó hù lára rẹ̀ yẹn, ẹbí kan náà ni. Òun ló ń mú búrẹ́dì bu, òun ló wà lára ẹ̀pà àti àgbàdo tí ilé ìpamọ́ rẹ̀ tutù, làpálàpá ara ọmọdé náà wà nínú ẹbí yẹn. Èso rẹ̀ kéré ju eruku lọ, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e, kò sì sí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yìí tí kò tíì fa á símú láàárọ̀ yìí. Ara tó le á pa á. Ara tí ṣúgà ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti rọ, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹẹrẹ rẹ̀ ti dí, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé eegun dáadáa mọ́. Ibẹ̀ ni kòkó ti ń bu. Bákan náà ni ti ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tó ń lo oògùn sìtẹ́rọ́ọ̀dù (èyí tó ń mú ara wíwú rọlẹ̀ ṣùgbọ́n tó ń dín agbára ara kù) fún ìgbà pípẹ́, ẹni tí kòkòrò HIV ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára.

Ọ̀nà etí kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà imú wà, ó sì burú ju ti etí lọ, nítorí pé ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe oṣù. Fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn tó ń jẹ́ Rhizopus àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló sábà ń gba ibẹ̀. Wọ́n ń wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń dí i, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ á sì kú, á dúdú bí èédú. Ẹ ó rí dúdú náà nínú imú tàbí ní àjà ẹnu. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á kú tipiri, ìpéǹpéjú á wó, ẹyinjú á yọ síta, kò ní yí mọ́, ìríran á lọ. Lẹ́yìn ojú níbẹ̀, iṣan kẹta, ìkẹrin, ìkẹfà àti ẹ̀ka ìkarùn-ún wà pọ̀ lójú kan, ìdí nìyẹn tí gbogbo rẹ̀ fi ń bàjẹ́ pa pọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà tó ti ru débi pé ẹ̀jẹ̀ di kíkan, tí aláìsàn ń mí hẹlẹhẹlẹ, ni ilẹ̀ ọlọ́ràá rẹ̀. Ẹ rántí ọdún 2021 ní Íńdíà, lásìkò kòrónà: ìtọ̀ ṣúgà ti wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n tún ń gba sìtẹ́rọ́ọ̀dù, ó lé ní 40,000 ènìyàn tí àrùn yìí mú láàrin oṣù díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n yọ ojú wọn kí ẹ̀mí má baà lọ. Tí ẹ bá rí dúdú nínú imú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n mi, dókítà obìnrin kan, ọ̀dọ́, ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ó fi ẹ̀rọ wo etí, ó rí ẹran pupa kékeré kan tó hù sójú ibi tí kẹrẹkẹrẹ etí ti pàdé eegun. Àwọn tó ṣáájú ti fi òwú nu etí náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ránṣẹ́ síbi àyẹ̀wò, èsì wá pé kò sí nǹkan. Dókítà yìí ní, "Mọ́mì, òwú kò tó. A máa gé díẹ̀ nínú ẹran yìí, ká gé e dé ìsàlẹ̀." Wọ́n gé e, wọ́n pín in sí méjì. Ìdá kan lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wá kòkòrò, ìdá kejì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ẹran ara, torí pé jẹjẹrẹ náà lè ṣe báyìí gẹ́lẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ pé òun kọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wò ó nínú ẹ̀rọ awohun-kékeré. Mo rí àwọn òwú tín-ín-rín tó ní ojúkò bí oparun, tí ẹ̀ka wọn ń yà bí igi tó pín sí méjì lórí, wọ́n há sáàrin ẹran ẹ̀gbọ́n mi. Aspergillus ni. Ti àwọn Rhizopus máa ń gbòòrò, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ojúkò, ẹ̀ka wọn sì ń là gbalaja. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán, nítorí oògùn tó ń pa ọ̀kan lè má pa èkejì.

Ọ̀rọ̀ oògùn wá kan. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó lágbára ni amphotericin B. Láàrin àwọn ọdún 1950 ni wọ́n rí i, lára ohun ẹlẹ́mìí kékeré kan tó ń gbé inú ilẹ̀ létí odò Orinoco ní Venezuela. Mo ti kán an fún aláìsàn lọ́pọ̀ ìgbà. Omi ṣúgà la fi ń pò ó, torí tí ẹ bá fi omi oníyọ̀ pò ó, á dì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kán fún wákàtí púpọ̀, aláìsàn á máa gbọ̀n, eyín á máa lu eyín, ibà á dé, a ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta bò ó. Ó ń ba kíndìnrín jà, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ni a ń yẹ̀ wò léraléra. Fún irú èyí tó ń dúdú, òun àti iṣẹ́ abẹ kíákíá ni. Fún Aspergillus, èyí tí àwọn dókítà sábà kọ́kọ́ ń mú lónìí ni voriconazole. Ó ní ti oníhóró. Àárín oúnjẹ méjì ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe pẹ̀lú oúnjẹ. Ó ń mú ojú rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́ yẹ̀rìyẹ̀rì fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń mú oòrùn jó ara. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀, ó fẹ́ jù ú nù lọ́jọ́ kejì, ó rò pé ojú òun náà ti ń lọ.

Ó wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n má fi pa mọ́. Ìdì aṣọ tó kù ní ìsọ̀ ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà àwa ọmọ ìyá dá owó. Oṣù mẹ́jọ ló fi lò ó. Ní oṣù kẹta, ìrora ti lọ, ó ní òun ti gbádùn, kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi oògùn. Mo rán an létí bàbá wa, tó ta aṣọ ní àwìn káàkiri ìlú òkèèrè, tó máa ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi rí owó rẹ̀ gbà. Mo ní, "Bàbá kì í dìde torí pé onígbèsè bẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà lóṣòó." Inú eegun ni fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí wà, ara tí kò dunni mọ́ kò sọ pé ó ti kúrò níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń gbà àti àwòrán inú orí tí wọ́n ń yà ni dókítà fi ń mọ ọjọ́ tí a máa dìde.

Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, iṣẹ́ ilé ló pọ̀ jù, ọwọ́ ẹbí ló sì wà. Ojú tí kò pa dé á gbẹ, ìwò ojú á họ, ènìyàn lè fọ́jú sí i. Oògùn omijé lọ́sàn-án, òróró ojú lálẹ́, kí ẹ sì fi tépù ilé ìwòsàn lẹ ìpéǹpéjú náà kó tó sùn. Omi lásán ló máa ń gba ọ̀nà òdì jù fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ti rọ. Ẹ̀kọ tó ki díẹ̀ sàn ju omi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń yí orí sí òsì, apá tó rọ, kó tó gbé e mì. Ẹni tó mọ̀ nípa gbígbé mì ló kọ́ ọ, ẹ má dá a dánwò láìjẹ́ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti yẹ aláìsàn yín wò. Ṣúgà rẹ̀, òwúrọ̀ àti alẹ́ ni mo ń wọ̀n ọ́n, torí tí ṣúgà bá ṣì ga, omi la ń pọn sínú apẹ̀rẹ̀.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ṣé ó máa ń ràn. Kì í ràn. Ẹ jọ sùn, ẹ jọ jẹun, ẹ jókòó tì í, ó nílò rẹ̀. Ìyá kan bi mí bóyá gbogbo etí tó ń ṣọyún ló lè di èyí. Rárá, mà. Etí púpọ̀ ló ń ṣọyún tó sì ń san. Èyí tí mo ń sọ ni etí àgbàlagbà, tàbí ti ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tí ìrora rẹ̀ ń jí i lóru, tí oògùn etí ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò sì lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó bèèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Tó bá sì ti lo oògùn apakòkòrò fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí kò ràn án, kó bèèrè pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé fọ́ńgọ́ọ̀sì kọ́ ni èyí? Ṣé ẹ lè gé díẹ̀ wò?" Kò sí àfojúdi nínú ìbéèrè yẹn. Ní ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì 19 jáde fún ìgbà àkọ́kọ́ pé kí ayé máa ṣọ́ wọn, Aspergillus fumigatus wà láàrin àwọn tó léwu jù, nítorí náà dókítà tó kọ́kọ́ ro bakitéríà kò ṣe ohun àjèjì.

Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn ló bi mí ìkẹta. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Ó wà. Ohùn rẹ̀ padà, kò tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà ní ìsọ̀ kejì á gbọ́. Ó ń mu omi láìsí pé ó gba imú. Ahọ́n rẹ̀ ṣì tẹ̀ díẹ̀ sí òsì tó bá yọ ọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì wọ́, iṣan keje kò jí tán, ojú òsì kò sì pa dé pátápátá, nítorí náà ní alaalẹ́, kí n tó pa iná yàrá rẹ̀, mo ṣì ń gé tépù méjì, mo ń fi wọ́n lẹ ìpéǹpéjú rẹ̀.